Aṣọ Ara Labalábá

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ iná díẹ̀ sí i, kí afẹ́fẹ́ alẹ́ má baà gbé ọ̀rọ̀ mi lọ kí ó tó dé etí yín. Ìtàn ìjàpá kọ́ ni ti òní, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọdẹ tó pàdé iwin láginjù. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń lé kiri lẹ́bàá ojú irin Wásinmi níhìn-ín ni mo fẹ́ sọ, èyí tí ẹ ń fi fìlà dọdẹ, tí lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ á sì kù sí yín níka nígbà tí ẹ bá jẹ́ kí ó lọ. Labalábá ni. Ojú mi ti rí púpọ̀ láyé. Ó rí ọkọ̀ ojú irin tí ń jẹ èédú, ó sì rí èyí tí ń sáré kọjá lóde òní tí kì í jẹ èédú mọ́. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ń kọjá lójú irin yẹn, kò sí èyí tí ó ń mú mi dákẹ́ tó ẹ̀dá kékeré tí ń fò láti orí koríko kan sí òmíràn. Àwọn baba wa wí pé labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Wọn kò purọ́. Àmọ́ bí ẹ bá gbọ́ ìṣe labalábá fúnra rẹ̀ tán, ẹ ó gbà pé òun náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó ju eré ọmọdé lọ.

Ẹ mọ bomubomu dáadáa, igi kúkúrú tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tó sì nípọn, tó máa ń hù lẹ́bàá ọ̀nà àti níbi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀, tí oje funfun máa ń ya jáde lára rẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣẹ́ ẹ. Oje yẹn ni àwọn ìyá Fúlàní fi ń mú wàrà dì, síbẹ̀ májèlé ni fún ẹran tó bá jẹ ẹ́ ní tútù. Labalábá kan wà tó jẹ́ pé ara ewé yẹn, àti ti àwọn ewéko mìíràn tó bá a tan, ni ó ń yé ẹyin sí. Ọmọ kòkòrò tó bá jáde nínú ẹyin náà, tòun ti ìlà dúdú, funfun àti àwọ̀ ìyeyè tó fi ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́, á dojú kọ ewé olóró, á jẹ ẹ́ yó, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Oró yẹn ni yóò tò pamọ́ sínú ara. Nígbà tó bá ti sùn, tó bá ti jí, tó ti di oníyẹ̀ẹ́, oró ṣì wà níbẹ̀. Ẹyẹ tí kò gbọ́n tó bá gbé e mì á bì í. Bí ó bá tún rí aláṣọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀nà ni yóò yà fún un.

Aṣọ, ẹ̀yin ọmọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ ti ń rí i lóde ìnáwó wa ní Ẹ̀gbá, tí a bá ti ra aṣọ ẹbí, ojú kan lásán la fi ń mọ ẹni tó jẹ́ ti ìyàwó yàtọ̀ sí ẹni tó jẹ́ ti ọkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyẹ́ labalábá ti rí. Aṣọ ẹbí ni, tí Ẹlẹ́dàá ti dá sí i lára láti inú ẹyin. Ó fi ń kìlọ̀ fún ọ̀tá, ó sì fi ń pe olólùfẹ́.

Ẹni tí mo ń sọ nípa rẹ̀ yìí, àwọn onímọ̀ pè é ní Danaus chrysippus. Láti 1758 ni Linnaeus ará Sweden ti kọ orúkọ chrysippus yẹn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀. Wọ́n yà á sára ògiri ibojì ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Nebamun, ó ti lé ní 3,000 ọdún báyìí, àwòrán náà sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní, àwọ̀ ọsàn ara ìyẹ́ náà kò tíì ṣá. Ti ìhà tiwa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìyẹ́ iwájú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, etí rẹ̀ dúdú pẹ̀lú àmì funfun, ìyẹ́ ẹ̀yìn sì funfun báláú. Alcippus ni wọ́n ń pe ẹ̀yà tiwa yẹn. Bí ẹ bá dé gúúsù Áfíríkà, ìyẹ́ ẹ̀yìn kò funfun mọ́, gbogbo ara á sì ṣú sí pupa rúsúrúsú. Bí ẹ bá yà sí Sòmálíà àti ilẹ̀ gbígbẹ Kẹ́ńyà, dúdú etí ìyẹ́ iwájú tí ẹ mọ̀ yẹn ti pòórá. Ti Éṣíà tún ní tirẹ̀. Ìdílé kan, aṣọ mẹ́rin, kálukú ní ilẹ̀ baba tirẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí aṣọ tàn yín jẹ, torí aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Labalábá mìíràn wà nínú igbó wa tí wọ́n ń pè ní Hypolimnas misippus. Kò jẹ ewé olóró, kò ní májèlé kankan lára, ẹran dídùn ni fún ẹyẹ. Kí ni abo rẹ̀ ṣe? Ó da aṣọ olóró yẹn bora, àwọ̀ ọsàn, etí dúdú, àmì funfun, gbogbo rẹ̀ pé, ó wá ń rìn láàrin ọjà láìfòyà. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ dúdú kirimú, ó ní àmì funfun ńláńlá tí àwọ̀ aró ń tàn yí ká. Bí ẹ bá rí tọkọtaya náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ò ní gbà pé ìran kan náà ni wọ́n. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Walter Bates, tó lo ọdún 11 nínú igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ tú àṣírí irú aṣọ àyálò yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1862.

Ó dára. Ẹ wá gbọ́ ìbéèrè tó gbé mi dé ibi yìí. Báwo ni ìran kan ṣe ń di méjì? Báwo ni ẹ̀dá tí kò sí láyé rí ṣe ń wá sáyé?

Nígbà tí a wà ní ilé ìwé, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ìran kan dúró gédégbé sí èkejì, ògiri ló wà láàrin wọn. Bí akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá gun abo ẹṣin, ìbaaka ni wọn yóò bí, ìbaaka náà lágbára, ó lè ru ẹrù dé Sókótó, ṣùgbọ́n kò ní bímọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pin sí. Nítorí náà, kí ìran tuntun tó lè dìde, wọ́n ní òkè tàbí òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwọn ọmọ baba kan náà sọ́tọ̀, kí wọ́n má fojú kanra wọn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí tí wọn ò fi ní mọ ara wọn mọ́. Bí wọ́n bá tún pàdé kí ìyẹn tó parí, tí wọ́n fẹ́ra, gbogbo rẹ̀ á padà dà pọ̀, iṣẹ́ á sì bàjẹ́.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ló ń tẹ̀lé ìlànà yẹn lóòótọ́. Labalábá wá fi hàn wá pé ọ̀nà kò pin síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí àyíká Nairobi ní Kẹ́ńyà. Ibẹ̀ ni oríta tí àwọn ẹbí oníyẹ̀ẹ́ ọsàn wọ̀nyí ti ń pàdé. Bí àsìkò bá yí, afẹ́fẹ́ á gbé àwọn kan wá láti ilẹ̀ gbígbẹ ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, àwọn mìíràn á ti gúúsù dé, àwọn oníyẹ̀ẹ́ funfun bíi tiwa á ti ìhà ìwọ̀-oòrùn yọ. Wọ́n á bára wọn lórí òdòdó kan náà, wọ́n á fẹ́ra, wọ́n á bímọ, ọmọ á sì bímọ. Kò sí ìbaaka níbẹ̀. Oríṣiríṣi aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò rí rí á máa fò kiri, apá kan ti bàbá, apá kan ti ìyá. Ẹni tó bá wò ó lójú lásán á sọ pé àdàlù ti dé, ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ọbẹ̀ inú ìkòkò kan.

Àmọ́ kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ní 2000, àwọn onímọ̀ kéde ohun tí wọ́n rí nínú ara abo labalábá yìí: kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Spiroplasma. Ìyá ló ń gbé e fún ọmọ nínú ẹyin. Bí ẹyin náà bá jẹ́ obìnrin, kòkòrò náà á fi í sílẹ̀ kó dàgbà. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, á pa á kó tó jáde. Ẹ gbọ́ ná, ẹ má tíì bú. Kòkòrò yìí mọ̀ pé ara obìnrin nìkan ni òun lè gbà dé ìran tó ń bọ̀, ọmọkùnrin kò wúlò fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni òkú ẹyin àwọn arákùnrin ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tí àwọn arábìnrin sábà máa ń jẹ. Ìkà ni, bí a bá fi ojú ènìyàn wò ó. Láyìíká Nairobi, ó ti gbilẹ̀ débi pé àìmọye ìyá ló wà níbẹ̀ tí kò ní bí ọmọkùnrin kan ní gbogbo ayé wọn.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni èyí tí Simon Martin, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Edinburgh, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2020. Nínú ìdílé labalábá, okùn ogún kan wà tí abo nìkan ní, tí ìyá ń fà lé ọmọbìnrin lọ́wọ́, tí ọmọbìnrin náà á tún fà lé tirẹ̀, tí akọ kì í fọwọ́ kàn láéláé. Nígbà kan, okùn ogún mìíràn, èyí tó gbé àṣẹ àwọ̀ aṣọ dání, lọ so mọ́ okùn ìyá yìí, àwọn méjèèjì di ọ̀kan. Kòkòrò apakọ náà sì wà nínú ara ìyá kan náà. Bí kòkòrò náà ti ń tàn kálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wọ́ okùn oníṣo yẹn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé láàrin nǹkan bí 2,200 ọdún ni gbogbo rẹ̀ fi gba agbègbè yẹn kan. Ẹ̀yin ọmọ, nínú ìṣirò ayé, àná ni ìyẹn.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí aṣọ àwọn ọmọbìnrin yẹn? Àwọ̀ tí ìyá fi lélẹ̀ fún wọn jẹ́ onítìjú, bí ti bàbá bá ti dé, á fara pamọ́ sẹ́yìn. Gbogbo wọn gbé àṣẹ ìyá kan náà sínú, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọn yóò wọ̀ jáde wà lọ́wọ́ àlejò ọkùnrin tí afẹ́fẹ́ bá gbé wá ní àsìkò yẹn. Bí àlejò ti àríwá bá dé, ọmọ á jọ ará àríwá. Bí ti gúúsù bá dé, ọmọ á jọ ará gúúsù. Ẹni bíni là ń jọ, bẹ́ẹ̀ ni àgbà wí, ìyá tó bí wọn kò sì ní ju àṣírí inú ẹ̀jẹ̀ lọ láti fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ wo odidi àwùjọ àwọn obìnrin tí ń dúró de ọkọ láti òkèèrè ní ìbí dé ìbí, tí wọ́n sì ń yí aṣọ padà bí àlejò ti ń yí padà.

Ẹ má sì rò pé òkèèrè nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Láàrin 1910 sí 1912, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Lamborn ń sin labalábá ní agbègbè Èkó, ibi tí ọkọ̀ ojú irin wa yìí ti ń bọ̀. Ó ń kó ohun tó rí ránṣẹ́ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Poulton ní Oxford. Èyí tó mú un lọ́kàn ni Acraea encedon, labalábá kékeré kan tí òun náà ń da irú aṣọ ọsàn yẹn bora. Lamborn gba ẹyin lọ́wọ́ àwọn ìyá kan, ó tọ́ ọmọ wọn dàgbà, gbogbo wọn jáde ní obìnrin, kò rí ọkùnrin kan mú láàrin wọn. Poulton tẹ ìròyìn náà jáde ní 1914, àwọn ènìyàn kà á, wọ́n mi orí, kò sí ẹni tó rí ìdí rẹ̀. Ó tó ọgọ́rin ọdún kí a tó mọ̀ pé kòkòrò àìfojúrí kan ni, Wolbachia, ìṣe rẹ̀ bá ti Nairobi yẹn mu. Ní Uganda, ibì kan wà tí ọkùnrin ti wọ́n débi pé àwọn abo encedon ń péjọ sórí òkè àti sí gbangba koríko, wọ́n ń dúró kí ọkọ kọjá. Ní ilẹ̀ labalábá, ọkùnrin ni í wá obìnrin kiri. Níbẹ̀, ayé ti dorí kodò.

Encedon yìí ní ìkejì, encedana, tí ó jọ ọ́ débi pé títí di 1976 ni àwọn onímọ̀ ń ka àwọn méjèèjì sí ọ̀kan. Ìran méjì ni wọ́n, ẹlẹ́ẹ̀kínní ń jẹ ewéko olódòdó aró tí ń rá nílẹ̀, èkejì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ kòkòrò apakọ ara wọn wò, irú kan náà ni wọ́n bá lára àwọn méjèèjì, pẹ̀lú ogún tí ìyá nìkan ń fi sílẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìyẹn lè gbà ṣẹlẹ̀. Nígbà kan tí kò tíì tó 16,000 ọdún sẹ́yìn, ìran méjì wọ̀nyí fẹ́ra, wọ́n bímọ, ọmọ náà sì gbé ẹrù kọjá láti ilé kan dé ilé kejì. Ògiri tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ní ihò lára. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ o, encedon ṣì jẹ́ encedon, encedana ṣì jẹ́ encedana. Àdàlù kò pa wọ́n rẹ́.

Ẹ ó bi mí pé: bàbá, ṣé ìran tuntun ti wá dé ní Nairobi báyìí? Kò tíì dé. Oyún ni. Àwọn tó ti lo ayé wọn níbẹ̀ ń pe àwọn ẹbí ọsàn yẹn ní ìran tó dé agbede méjì, tí kò dà pọ̀ tán, tí kò sì pínyà tán. Ẹni tó bá fẹ́ rí èyí tí wọ́n ti bí, tí wọ́n ti sọ lórúkọ, kó sọdá òkun lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà.

Ní Kòlóńbíà, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àwọn òkè Andes, labalábá kan wà tó ń jẹ́ Heliconius heurippa. Ọ̀já méjì ló gba ìyẹ́ iwájú rẹ̀ já, pupa kan, àwọ̀ ìyeyè kan. Ọ̀já pupa jọ ti Heliconius melpomene, ti ìyeyè jọ ti Heliconius cydno, àwọn méjèèjì jọ wà ní ilẹ̀ náà. Àwọn onímọ̀, Jesús Mavárez àti Mauricio Linares nínú wọn, bá gbé ìbéèrè ka iwájú labalábá fúnra rẹ̀. Wọ́n kó melpomene àti cydno sínú ilé kan, wọ́n jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra. Àwọn ọmọbìnrin tó bá jáde nínú irú ìgbéyàwó yẹn sábà máa ń yàgàn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin lè bímọ, nítorí náà àwọn ọkùnrin ni afárá. Láàrin ìbí mẹ́ta péré, aṣọ heurippa jáde níwájú wọn, pupa àti ìyeyè pọ̀, bí ẹni pé igbó ti fi ìwé àṣírí rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ìròyìn náà jáde nínú ìwé Nature ní 2006, kì í ṣe aṣọ nìkan ni wọ́n ròyìn. Wọ́n fi bébà ṣe ìyẹ́ àfarawé, wọ́n gbé e síwájú akọ heurippa. Bí ó bá rí pupa àti ìyeyè pọ̀, á sáré lọ. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan kúrò, ìfẹ́ rẹ̀ á rọlẹ̀. Aṣọ tuntun dé, ìfẹ́ tuntun sì bá a dé. Ẹni tó wọ aṣọ bàbá nìkan, tàbí ti ìyá nìkan, kò wù ú mọ́.

Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín. Aṣọ tó ń lé ẹyẹ ni aṣọ tó ń pe ọkọ. Bí àdàlù bá bí aṣọ tí ẹyẹ ilẹ̀ yẹn bẹ̀rù, tí àwọn tó wọ̀ ọ́ sì ń yan ara wọn, ilé tuntun ti dúró nìyẹn, kò nílò òkè, kò nílò òkun láàrin òun àti àwọn òbí rẹ̀.

Èyí tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde ní 2024, láti ọwọ́ Neil Rosser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Heliconius elevatus ni wọ́n tú ìdí rẹ̀ wò, nínú igbó Amazon. Bíi 180,000 ọdún sẹ́yìn ni melpomene àti pardalinus fẹ́ra, elevatus sì ti inú rẹ̀ jáde. Bí a bá pín ogún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà 100, bíi 99 jẹ́ ti pardalinus, ìdá kan péré ni ti melpomene. Ìdá kan yẹn fọ́n ká gbogbo ara, òun ló sì gbé ohun gbogbo tó yà á sọ́tọ̀ wá: àwọ̀ aṣọ, bí ìyẹ́ ṣe rí, ìtàkùn tí yóò yé ẹyin sí, òórùn tó fi ń pe ìyàwó, ẹni tí yóò wù ú fẹ́. Òun àti pardalinus jọ ń gbé igbó kan náà, wọ́n sì ṣì ń fẹ́ra lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí di ìsinsìnyí, tó fi jẹ́ pé ìyókù ogún wọn ń wọ inú ara wọn bí omi. Ìdá kan yẹn nìkan kò wọ̀. Òun ni ó di ìran náà mú láti ìgbà yẹn wá. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ òru. Ohun kékeré tí àlejò kan gbé wọlé lẹ́ẹ̀kan, tó wá di orúkọ odidi ìran.

Òórùn tí mo dárúkọ yẹn, ẹ lè fojú ara yín rí i níhìn-ín. Ẹ mọ àgógó igún, ewéko tí òdòdó rẹ̀ ká kọ́rọ́. Bí ó bá gbẹ tán nínú oko ẹ̀gẹ́, ẹ lọ wò ó lọ́sàn-án gangan. Àwọn akọ oníyẹ̀ẹ́ ọsàn á rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á máa fi ẹnu fa ohun kan lára èyí tó ti gbẹ. Òògùn ìfẹ́ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á lọ pò ó di òórùn nínú ara, abo á sì fi mọ ẹni tó tó ọkọ ṣe.

Bí ẹ bá sì rò pé labalábá nìkan ni, ẹ fetí sí ohun tó ń kọrin sí yín létí lóru. Ọmọ ìyá méjì wà nínú àwọn ẹ̀fọn tó ń gbé ibà wá sílé wa, Anopheles gambiae àti Anopheles coluzzii. Títí di 2013, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, torí ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí ni wọ́n ti ń pínyà, wọ́n sì ń fẹ́ra wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọ̀n olóògùn wá gbòde ní Mali, agbára tí gambiae ti ní láti fara da oògùn apakòkòrò kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ coluzzii nípasẹ̀ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń mú ẹwà wá sórí òdòdó ló ń mú wàhálà wá sábẹ́ àwọ̀n. Ẹ̀dá kò bi wá léèrè kí ó tó ṣe tirẹ̀.

Mo ń sọ èyí fún yín nítorí pé ẹ̀yin lẹ ní ojú tó ríran, ẹsẹ̀ yín sì yá. Bomubomu ń dín kù láyìíká wa. Ibi tí mo mọ̀ sí bèbè koríko ti di ilé ìtajà, oògùn apakoríko sì ti sọ oko púpọ̀ di gbalasa. Ohun tí Lamborn rí ní Èkó ní ohun tó lé ní 100 ọdún sẹ́yìn, kò sí ìdí tí ọmọ Wásinmi, ọmọ Ìtòrí tàbí ọmọ Abẹ́òkúta kò fi lè wò ó lónìí. Kò gba owó. Ẹ fi ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò àti ewé tútù tọ́ ọmọ kòkòrò ìyá kan dàgbà. Bí wọ́n bá jáde, ẹ wo ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn: akọ ní àmì dúdú kan tó wú níbẹ̀, àpò òórùn rẹ̀ ni, abo kò ní in. Ẹ kà wọ́n. Ẹ wò ó bóyá ìyẹ́ ẹ̀yìn funfun bíi tiwa, tàbí ọ̀kan tó pọ́n ti wà láàrin wọn. Ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí ẹyin náà, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo wọn fò lọ. Bí ẹ bá rí ìyá tí gbogbo ọmọ rẹ̀ jẹ́ obìnrin, ẹ gbé ìwé yín tọ olùkọ́ yín lọ, kí òun náà gbé e lọ bá àwọn onímọ̀ kòkòrò ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin òbí tó ń gbọ́ mi, bí ẹ bá ń ro ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá bomubomu kan sí fún wọn.